Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì ekòló: oúnjẹ wọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀

₦18,000 ni mo ra bọ́kẹ́ẹ̀tì ekòló yìí ní oṣù Kejì, lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sìn wọ́n tà níbí n'Ìbàdàn. Ekòló á máa jẹ ìdọ̀tí oúnjẹ inú rẹ̀, ìgbẹ́ wọn á sì di ajílẹ̀ fún ewébẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni, wọ́n ń wọ inú ara wọn, ìdérí wà lókè, ẹ̀rọ kékeré tí omi ń gbà jáde wà nísàlẹ̀. Ó kó ìdajì kílò ekòló sínú páálí tútù, ó sì fi ìwé ìlànà pélébé kan tì í. Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà nípọn, kò tíì sán títí di òní. Ekòló náà pé, ara wọn sì yá gágá.

Oúnjẹ ni wàhálà. "Gbogbo ohun tó bá ti kíṣìnì yín jáde ni kẹ́ ẹ máa fún wọn lójoojúmọ́, Mà." Ohun tó sọ fún mi nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo sẹ́ ògì, mo da odidi abọ́ eèrí lé wọn lórí. Lóru ọjọ́ kejì mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo tan iná, àfi bí ekòló ṣe gun ara bọ́kẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń já bọ́ sílẹ̀, tí èèrà sì ti bò wọ́n. Mo ti ọwọ́ bọ inú eèrí náà, ó gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe, ó sì ti kan. Ìdá mẹ́ta wọn ló bá a lọ. Ó dùn mí gan-an.

Mo pè é. Ó bá mi kẹ́dùn, ó sì fi ẹ̀kúnwọ́ méjì ránṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Mo dúpẹ́ o. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìwé rẹ̀ ti kìlọ̀ fún mi. Dípò bẹ́ẹ̀, ohun tí ìwé náà sọ ni pé kí n gbé wọn síbi tí oòrùn á ti máa yá wọn. Oòrùn oṣù Kẹta n'Ìbàdàn! Eudrilus eugeniae ni irú tó ń tà, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí ni orírun rẹ̀, 25 sí 30°C ló sì bá a lára mu. Ike tó wà nínú oòrùn á ti kọjá ìyẹn kí ọ̀sán tó pọ́n. Abẹ́ máńgòrò ni tèmi wà báyìí, mo sì ti ẹsẹ̀ tábìlì tí mo gbé e lé bọ inú agolo omi nítorí èèrà.

Bí gbogbo nǹkan bá tẹ́ ekòló lọ́rùn, ó lè jẹ tó ìdajì ìwọ̀n ara rẹ̀ lójúmọ́, ìyẹn 250 gíráàmù fún ìdajì kílò. Ẹ má ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Agolo mílíìkì kan ni mo ń fún wọn lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Mo máa ń gé e wẹ́wẹ́, mo máa ń rì í sí igun kan, mo sì máa ń fi páálí tútù bò ó. Kí n tó fún wọn ní òmíràn, màá tú igun tó ṣáájú wò. Bí oúnjẹ bá ṣì kù níbẹ̀, mo fọwọ́ mọ́wọ́ nìyẹn.

Ohun tó ti ń jẹrà ni wọ́n ń jẹ, ìdí nìyẹn tí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti dúdú fi ń tètè tán, tí èèpo iṣu tútù sì ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìbẹ́pẹ tó ti rọ̀ ni wọ́n fẹ́ràn jù: bí mo bá tú ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, màá bá wọn tí wọ́n lọ́ mọ́ra bí òwú. Ekòló ò ní eyín, iwe ló ní bíi ti adìẹ, ohun líle wẹ́wẹ́ ló sì fi ń lọ oúnjẹ níbẹ̀. Nítorí náà mo ń sá èèpo ẹyin, mo ń gún un kúnná lódó, ṣíbí kan lọ́sẹ̀.

Àjẹkù àbùlà kọ́ ni oúnjẹ wọn o, ẹ sọ fún àwọn ọmọ. Iyọ̀, epo, ẹran, ẹja, ata rodo, alùbọ́sà, ọsàn wẹ́wẹ́: rárá. Awọ ara ni ekòló fi ń mí, iyọ̀ á sì fa omi ara rẹ̀ gbẹ.

Oṣù kẹrin tí mo ti ń sìn wọ́n ni mo kọ́kọ́ kó ìgbẹ́ wọn. Ó dúdú, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ méjì méjì sídìí ṣọkọ̀ mi tó ti ń pọ́n lẹ́wé, ewé tuntun tó sì yọ lẹ́yìn náà tutù yọ̀yọ̀.

Màá tún rà á. Mo ti kọ ìlànà oúnjẹ yìí sórí bébà fún ọmọkùnrin náà, ó ní òun á tẹ̀ ẹ́. Títí ó fi máa ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá rà á, ẹ fi ìwé inú rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá agolo mílíìkì.