Ìbọn ìléwọ́ oní-brace tí mo rà ní Houston: ìbọn náà kò ṣẹ̀ mí, ohun tí wọ́n dè mọ́ ọn ni

Ike dúdú kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ìdìmú iwájú fún ọwọ́ kejì, ló mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ọmọkùnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn kan níhìn-ín ní Houston ló dè é mọ́ abẹ́ ìbọn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba 40 dọ́là lórí rẹ̀, ó sì ní kí n máa lọ gbádùn. Ike yẹn lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n ọdún 10. Fún èmi tí mò ń lo gíríìn káàdì, ọ̀rọ̀ ò ní parí síbẹ̀, torí ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ mọ́ ìbọn wà lára ohun tí wọ́n fi ń lé àjèjì kúrò ní Amẹ́ríkà. Iyàwó àti àwọn ọmọ mi wà níbí. Nítorí náà, ẹ fojú sùúrù kà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìbọn fúnra rẹ̀. Irú ara tí ráífù AR-15 ní ló ní, ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ 10.5 íǹṣì, ọta 5.56 ló ń jẹ. Dípò ìdí ìbọn tí a ń gbé lé èjìká, brace ló wà lẹ́yìn rẹ̀: rọ́bà tó là sí méjì, tó ní okùn tí a fi ń dè é mọ́ apá. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi ti bàjẹ́ láti ìgbà tí páálì ẹrù ti já lé e níbi iṣẹ́. Bí mo bá na ìbọn ìléwọ́ lásán, kì í pẹ́ tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ki apá bọ inú rọ́bà yìí tí mo sì fa okùn náà le, ìwúwo ìbọn kúrò lórí ọrùn ọwọ́, ó bọ́ sórí apá láti ìgúnpá wá. Mo yìn ín, ọwọ́ mi ò mì. Mo wo páálí tó wà níwájú: àwọn ihò náà sún mọ́ra wọn débi pé àtẹ́lẹwọ́ mi bo gbogbo wọn. Ó ti pẹ́ gan-an tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi gbẹ̀yìn, mi ò sì ní purọ́, omi lé sí mi lójú.

Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é gan-an nìyẹn. Alex Bosco, tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí, ló ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún ológun fẹ̀yìntì kan tó jẹ́ aláàbọ̀ ara. Ní 2012, àjọ ATF tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbọn kọ lẹ́tà pé brace kò sọ ìbọn ìléwọ́ di ráífù. SBA3 ti SB Tactical, ilé iṣẹ́ Bosco, ló wà lára tèmi. Mi ò rí àléébù kankan lára rẹ̀.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rà á, apá ò dùn wọ́n. Èjìká ni wọ́n ń gbé e lé bíi ráífù. Mo mọ ìdí rẹ̀. Kì í há sí kọ́rídọ̀ ilé, ó wọ inú àpò tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, ní Texas èèyàn sì lè fi pamọ́ sínú mọ́tò bí ìbọn ìléwọ́ yòókù. Ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó 16 íǹṣì ńkọ́? Òfin ọdún 1934 ti dì í mọ́lẹ̀: fọ́ọ̀mù, ìtẹ̀ka, fọ́tò, àti owó orí tó jẹ́ 200 dọ́là títí di òpin 2025; òfin mìíràn sì ní kí o gba àṣẹ lọ́wọ́ ATF kí o tó gbé e kọjá ààlà ìpínlẹ̀. Àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì, ọ̀kan gba ìwé, èkejì ò gbà. Bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n gbé àbá òfin náà wá ní 1934, ìbọn ìléwọ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ráífù kúkúrú kún un kí ẹnikẹ́ni má baà gé ráífù láti fi yẹ òfin sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n yọ ìbọn ìléwọ́ kúrò, wọ́n fi ráífù kúkúrú sílẹ̀ síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí ti wá.

Ohun tí mi ò fẹ́ lára ìbọn náà ni ariwo. Ọta 5.56 nínú ọ̀pá tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ máa ń tu iná lẹ́nu, ó sì ń dún kọjá ààlà lábẹ́ òrùlé. Bí o bá fẹ́ lò ó nínú ilé níbi tí ọmọdé ń sùn sí, wo èyí tó ń jẹ 9mm tàbí 300 Blackout.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Pápá ìyìnbọn wà lẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan náà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì la jọ lọ lọ́jọ́ Sátidé. Bí mo ṣe ń de okùn mọ́ apá ni olùṣọ́ pápá dé ẹ̀yìn mi, ó fọwọ́ gbá mi ní èjìká, ó pariwo kí ohùn rẹ̀ lè wọ inú ohun tí mo fi bo etí: “Ìwé rẹ dà? Ráífù kúkúrú nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni.” Mo gbé ìbọn kalẹ̀, mo yọ ọta. Mo sọ fún un pé àṣẹ tó ń sọ yẹn, oṣù kìíní 2023 ni ATF gbé e jáde, pé kí gbogbo ẹni tó ní brace forúkọ sílẹ̀ títí di 31 oṣù karùn-ún, tàbí kó yọ ọ́. Mo ní Adájọ́ Reed O'Connor ní Fort Worth, nínú Texas wa níbí, ti fagi lé e ní oṣù kẹfà 2024, ìjọba pàápàá sì ti jáwọ́ nínú ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀ ní 2025. Kò gbọ́. Ó ní kí n mú káàdì ìdánimọ̀ mi wá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó tún bi mí pé ìlú wo ni mo ti wá.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọkùnrin òyìnbó kan gbé irú ìbọn kan náà, irú brace kan náà, lé èjìká. Ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan kan. Èyí ló dùn mí jù. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. “Àbúrò, dákẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹ ò mọ ibi tá a wà. Jẹ́ kó pe ọ̀gá ẹ̀.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ẹni yẹn.” Wọ́n ní, “Mo ti rí i. Dákẹ́ náà.”

Máníjà dé, kò kí wa. Ó ní tí a bá fẹ́ owó pápá padà, kò sí. Mo ti ń kó ẹrù mi nígbà tí obìnrin tó ń tún ìbọn ṣe níbẹ̀ jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún, girísì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo brace rárá. Abẹ́ ìbọn ló ń wò. Ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, “Sà, ta ló de èyí mọ́ ọn?” Mo fi rìsíìtì hàn án. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn ló wà lórí rẹ̀, ike náà àti owó ìdè wà níbẹ̀ kedere. Ó mí kanlẹ̀.

Ó gbé ìbọn lọ sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó pè mí kí n wá wò. Ó tú irin tó wà lẹ́nu ọ̀pá, torí ohun tó bá ṣeé tú kì í wọ inú ìwọ̀n. Ó ti ìbọn dé, ó ki igi tín-ín-rín bọ ẹnu ọ̀pá títí ó fi kan ìsàlẹ̀, ó fi bírò sàmì sí i, ó fà á yọ, ó wọ̀n ọ́n: 10.5 géérégé. Kò fa brace náà jáde. Ó na téèpù láti ẹnu ọ̀pá dé ìdí. 25 íǹṣì àti díẹ̀. Ọmọkùnrin tó tajà fún mi ti fa brace jáde pátápátá, ó fi irin ẹnu kún un, ó ní ó lé ní 26, kò séwu.

Ewu wà. Ìbọn ìléwọ́ lójú òfin ni èyí tí wọ́n ṣe kí èèyàn lè fi ọwọ́ kan yìn. Bí o bá de ìdìmú kejì tó dúró gbọnrangandan mọ́ iwájú rẹ̀, tí gbogbo gígùn rẹ̀ kò sì tó 26 íǹṣì, ATF gbà pé o ti ṣe ìbọn mìíràn tó wà lábẹ́ òfin 1934 yẹn, láìforúkọ sílẹ̀. Nítorí náà, olùṣọ́ pápá ń pariwo lórí ohun tí kò lẹ́bi, kò rí ohun tó lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ló tà á.

Obìnrin náà tú ike náà níwájú mi, ó fi ìdìmú tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí kò dúró gbọnrangandan, rọ́pò rẹ̀, èyí tí ATF ò bá ẹnikẹ́ni jà lé lórí. Kò gba kọ́bọ̀. Ó wá jókòó tì mí, ó ṣàlàyé. Ó ní ní 2015 ATF ní bí o bá gbé brace lé èjìká, o ti ṣe ráífù. Ní 2017 wọ́n kọ lẹ́tà mìíràn tó dẹ ọ̀rọ̀ náà. Òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó lé ní 250,000 tó forúkọ sílẹ̀ ní 2023, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún un ní pàtó bí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe wà nísinsìnyí tí kóòtù ti fagi lé àṣẹ yẹn. Ó ní kí n rántí pé àṣẹ 2023 ló kú, òfin 1934 kò kú. Láti oṣù kìíní 2026, owó orí ráífù kúkúrú ti di òfo dọ́là, ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ ṣì wà. Bí mo bá fẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, kí n lọ forúkọ sílẹ̀.

Mo rò ó. Mi ò ní ṣe é. Àwọn àna mi wà ní Atlanta, a sì máa ń wa mọ́tò lọ. Mi ò fẹ́ máa tọrọ àṣẹ kí n tó kúrò ní Texas. Brace ni mo rà fún apá mi, brace ni màá máa lò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní California tàbí New York, òfin tiyín yàtọ̀, ẹ má fi tèmi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra àtilọ sílé, ìwé Amẹ́ríkà kò níyì kankan ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, ẹ fi ìbọn sílẹ̀ níbí.

Bí a ṣe fẹ́ jáde, olùṣọ́ pápá wá bá wa ní káńtà. Obìnrin náà ti bá a sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀ mí níṣojú ẹ̀gbọ́n, ó sì fi ọ̀nà ìyìnbọn kan sílẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. A padà lọ. Òun gan-an ló bá mi tún okùn apá náà fà.

Ìbọn: 5 nínú 5. Ṣọ́ọ̀bù: 4 nínú 5, gbogbo rẹ̀ nítorí obìnrin yẹn. Máníjà kò tíì dá 40 dọ́là mi padà, ọmọkùnrin yẹn sì ṣì ń tajà níbẹ̀.