Update tó gba bọ́tìnì tí mo fi ń pa fóònù: ìràwọ̀ méjì péré

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó dáa ná. Update tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fóònù mi yìí kò burú látòkè délẹ̀. Bátìrì ń pẹ́ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kámẹ́rà ń yára ṣí. Téèyàn bá sì fẹ́ kí lẹ́tà tóbi sí i, kò nílò kó máa wá a kiri mọ́, ó ti wà níwájú. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni ǹ bá fún wọn, ǹ bá sì bá iṣẹ́ mi lọ. Àmọ́ wọ́n lọ fọwọ́ kan bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́.

Bọ́tìnì tí a fi ń tan fóònù, tí a sì fi ń pa á, ni mò ń sọ. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́, iná ojú fóònù á kú. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, àmì mẹ́ta á yọ: èyí tó ń pa á, èyí tó ń pa á tó sì ń tún un tàn, àti ti ìpè pàjáwìrì. Ó parí. Nígbà tí update wọlé, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, iná aláwọ̀ oríṣiríṣi bá ń rú bọ̀ láti ìsàlẹ̀, àpótí kan ṣí, ó ní òun ń gbọ́, kí ni òun lè bá mi ṣe? Mo gbọ́wọ́ kúrò, mo tún tẹ̀ ẹ́. Òun náà tún ni. Mo ní ó dáa, ṣebí ó ní òun ń gbọ́. Mo ní, "Pa fóònù yìí." Yorùbá tó já geere ni mo fi sọ ọ́. Mi ò mọ ohun tí òun gbọ́, torí ṣe ló lọ wá orin kan jáde, orin ọ̀hún sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún níbi tí mo ti ń wá bí fóònù ṣe máa dákẹ́.

Ẹlòmíràn lè ní kí ló wá tóbi nínú ìyẹn, ṣebí kéèyàn kọ́ ti tuntun ni. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì yàtọ̀ sí àmì tó wà lójú fóònù. Tí wọ́n bá gbé àmì kan kúrò níbi tó wà, ojú á wá a títí á fi rí i, torí orúkọ wà lára rẹ̀, àwòrán wà lára rẹ̀. Bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ kò ní àkọlé kankan. Ìka ló mọ̀ ọ́n, ìka ò sì mọ̀wé. Nínú òkùnkùn, nínú àpò, lábẹ́ tábìlì níbi tí ìpàdé ti ń lọ lọ́wọ́, a kì í wò ó ká tó tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wá yí padà, kò sí ohunkóhun lára fóònù tó máa sọ fún ọ. Ibi tó wà náà ni, bó ṣe le lọ́wọ́ náà ni. Ṣe ló dà bí ìgbà tí àlejò bá dìde lóru tó lọ yí wáyà ilé onílé padà, tó fi jẹ́ pé bọ́tìnì iná pálọ̀ ló wá ń yí fáànù.

Ti màmá mi ló tilẹ̀ dùn mí jù. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe fóònù tiwọn àti tèmi, update náà sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣe ni wọ́n pè mí wọlé: "Wá wo ẹni tó wà nínú fóònù yìí. Mi ò pè é o, ó ní kí ni mo fẹ́."

Mo ní, "Ẹ má bínú mà, kì í ṣe èèyàn. Ẹ̀rọ ni."

Wọ́n ní, "Ta ló ní kó wá?"

Mi ò rí èsì kankan fún wọn. Látìgbà yẹn, wọn kì í pa fóònù wọn mọ́. Wọ́n á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí bátìrì á fi kú fúnra rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹni yẹn tún bá àwọn sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe òní ni irú nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iPhone X jáde ní 2017, bọ́tìnì róbótó tó máa ń wà nísàlẹ̀ ojú fóònù lọ, bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ sì di èyí tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti pe Siri, ẹ̀rọ olùrànlọ́wọ́ Apple tí èèyàn ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa á ní láti tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ ọ̀kan nínú àwọn bọ́tìnì ohùn. Lọ́dún yẹn kan náà, Galaxy S8 ti Samsung gbé bọ́tìnì ọ̀tọ̀ wá fún Bixby, olùrànlọ́wọ́ tiwọn; nígbà tí Note 10 fi máa dé ní 2019, wọ́n ti yọ bọ́tìnì yẹn, wọ́n sì kó ẹrù rẹ̀ lé ti ẹ̀gbẹ́ lórí. Android 12 tó jáde ní 2021 náà fàyè sílẹ̀ lórí Pixel, fóònù Google, kí bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ máa pe olùrànlọ́wọ́. Ohun tó fà á ò le láti mọ̀. Olùrànlọ́wọ́ téèyàn gbọ́dọ̀ wá kiri kó tó rí i, díẹ̀ làwọn tó máa lò ó, bọ́tìnì ò sì pọ̀ lára fóònù mọ́. Èyí tó sún mọ́ ìka jù ni wọ́n ń dù.

Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ ra fóònù tuntun mọ̀ pé nǹkan tuntun lòun rà. Á yẹ̀ ẹ́ wò, á bi ẹni tó tà á, á ti múra láti kọ́ ọ. Èmi ò ra nǹkan kan. Mo gbé fóònù mi sùn, mo jí bá ti ẹlòmíràn. Mo tún ka ìwé tó bá update náà wá délẹ̀. "Ọ̀nà tuntun láti bá olùrànlọ́wọ́ rẹ sọ̀rọ̀" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn ti gba bọ́tìnì tí ẹ fi ń pa fóònù.

Ibi tó sì kọjá ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ni ti pàjáwìrì. Lóṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì figbe ta pé ìpè tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ti pọ̀ jù lórí 999, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn. Ètò kan tó wọlé pẹ̀lú update Android ni wọ́n tọ́ka sí: téèyàn bá ti tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fóònù á pe pàjáwìrì fúnra rẹ̀. Ètò tó dáa ni, ó lè gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹ ronú wò: èèyàn fẹ́ pa fóònù, kò gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ léraléra tìbínútìbínú. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo èyí lé lórí.

Ẹni tí tirẹ̀ náà bá ti yí padà, ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹ ṣí Settings, kí ẹ kọ "side button" tàbí "power button" sínú àpótí ìwákiri tó wà lókè, ìyẹn yá ju kéèyàn máa tú u wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí Pixel, abẹ́ System ló wà, ní Gestures. Ẹ mú Power menu, ó tán. Lórí Samsung, ẹ wo Advanced features. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ Settings rárá lè fa ojú fóònù wálẹ̀ látòkè, lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, àmì pípa wà níbẹ̀. Ti kéèyàn tẹ bọ́tìnì méjì pọ̀ náà wà, àmọ́ mi ò gbà yín níyànjú, torí lórí tèmi, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ èyí tó ń dín ohùn kù tí mo sì tètè gbọ́wọ́, screenshot ló ń yà. Ẹ wá wo àwọn fótò mi. Ojú fóònù kan náà ló kúnbẹ̀, aago tó wà lókè nìkan ló ń yí.

Mo yí tèmi padà, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Update kékeré kan tún wọlé lẹ́yìn ìyẹn, ó sì dá a padà sí tiwọn. Ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo ti fẹ́ fún wọn tẹ́lẹ̀. Èyí ló gba ọ̀kan lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n fi olùrànlọ́wọ́ wọn kún un, kò burú, mo tilẹ̀ ń lò ó láti fi dá aago ìjí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ bọ́tìnì yẹn lẹ́yìn update ló yẹ kí ó bi mí: ṣé kí n máa ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀, àbí kí n máa ṣe èyí? Ìbéèrè kan ni. Olùrànlọ́wọ́ tó mọ̀ ọ́n bi léèrè tó báyìí, kò bi mí léyìí.

Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tíì wọlé, mi ò ní kẹ́ ẹ kọ̀ ọ́ o, àtúnṣe ààbò wà nínú rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Téèyàn bá sì ti gbà á tán, àtipadà sẹ́yìn kì í rọrùn, ó sábà máa ń ná èèyàn ní gbogbo ohun tó wà lórí fóònù. Ẹ gbà á lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ ráyè, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ mọ́lẹ̀ lójú ara yín kí ẹ tó gbé fóònù jáde. Kẹ́ ẹ sì bá àwọn àgbà ilé yín tún tiwọn ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.