Raspberry Pi 5 fún sọ́ọ̀bù: ẹ bi í léèrè péèjì rẹ̀

Èmi ni mo ń bá àwọn onísọ́ọ̀bù ṣètò àkọsílẹ̀ ọjà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Fún ìyá olóògùn kan ní Under G, nítòsí LAUTECH, Raspberry Pi 5, kọ̀ǹpútà kékeré kan, ni mo gbé kalẹ̀, torí ọ̀rọ̀ iná. 5 volt ló ń lò, bátìrì sólà wọn sì ń gbé e dáadáa. Mo fọwọ́ sọ̀yà fún un.

Ṣùgbọ́n mẹ́mòrì rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Péèjì péèjì ni kernel, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ń pín mẹ́mòrì fún iṣẹ́. 4KB ni péèjì kan lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Raspberry Pi OS oní-64-bit, ètò tó ń darí Pi, ń lo 16KB lórí Pi 5. Èyí dára: prósẹ́sọ̀ ní àyè kékeré kan, TLB, tó fi ń rántí ibi tí péèjì wà. Iye péèjì tó lè rántí kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí péèjì bá tóbi, mẹ́mòrì tó ń rántí náà di ìlọ́po mẹ́rin. Ibi tó ti ń jẹni lówó ni àwọn fáìlì kéékèèké. Fáìlì 1KB á gba odidi 16KB nínú mẹ́mòrì, bí ìgbà tí onígàrí kò ní òṣùwọ̀n mìíràn ju kóńgò lọ, tí ẹni tó fẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan náà á gba kóńgò.

Sọ́fítíwíà kan sì kọ̀, kò ṣí rárá. 4KB nìkan ni àwọn tó kọ ọ́ fọkàn sí. Bó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ getconf PAGESIZE sínú terminal, ojú ìtẹ àṣẹ. Bó bá dáhùn 16384, ìyẹn 16KB, ẹ kọ kernel=kernel8.img sínú /boot/firmware/config.txt, kí ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. 4096 ni yóò wá dáhùn. Kernel méjèèjì, ti 16KB àti ti 4KB, ti wà nínú mẹ́mòrì káàdì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ronú kan èyí ṣeun púpọ̀!

Ẹ ò lè lo méjèèjì pọ̀ o, nígbà tí wọ́n ń kọ́ kernel ni wọ́n ti ń yan ìwọ̀n náà. Àmọ́ láti Linux 6.8, ọdún 2024, kernel onípéèjì 4KB lè kó péèjì jọ fún sọ́fítíwíà ní 16KB tàbí 64KB. Ọ̀nà yìí wù mí ju tàtijọ́ lọ, torí sọ́fítíwíà tó ń retí 4KB kò ní dùbúlẹ̀.

Ẹ ra fáànù rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Bó bá gbóná dé 80°C, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ẹ sì mọ ooru oṣù kẹta níbí.