Sólà tí mò ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní Ìsánlú: ohun tí ojú mi rí láàárín oṣù mẹ́rìndínlógún

Télọ̀ ni mí. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fi ń ránṣọ, áyọ́ọ̀nù eléèédú ni mo fi ń lọ aṣọ, nítorí náà iná ńlá kọ́ ni mò ń wá kiri. Kí n ṣáà rí ojú abẹ́rẹ́ lẹ́yìn aago méje alẹ́, kí fáànù kékeré fẹ́ sí àwọn ọmọṣẹ́ mi lára, kí fóònù má kú.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni mò ń lò tẹ́lẹ̀. Lítà epo kan ló ń jẹ lálẹ́ kan, bí iṣẹ́ bá sì pọ̀, kì í tó. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023 ni ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án 2024, ₦20,000 ni mò ń ná lórí epo lóṣù, ọ́ìlì àti pílọ́ọ̀gì ò sí nínú rẹ̀.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo gba sólà lọ́wọ́ ẹ́jẹ́ǹtì ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Páànẹ́lì 100 wáàtì, bátìrì inú àpótí, gílóòbù mẹ́rin, fáànù kan, àti ibi tí a ti ń cháàjì fóònù. Àsansílẹ̀ jẹ́ ₦40,000, lẹ́yìn náà ₦11,500 lóṣooṣù fún oṣù 24. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ₦316,000 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá san owó ojú ẹsẹ̀, ₦240,000 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. ₦76,000 ni mo fi lé e nítorí pé mi ò rí owó náà kó jọ lẹ́ẹ̀kan. Ó dùn mí, àmọ́ mo gbà, torí ohun tí mò ń san kò tó ohun tí epo ń gbà lọ́wọ́ mi.

Iná náà dára. Lálẹ́ àkọ́kọ́, mo rí òwú dúdú lórí aṣọ dúdú láìfi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án. Ẹni tó bá ń ránṣọ ló mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bo páànẹ́lì, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ìgbà tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì gbàgbé láti fi aṣọ tútù nù ún, aago mẹ́wàá alẹ́ ni bátìrì ń kú. Lásìkò òjò, a máa ń pa fáànù kí gílóòbù lè rí nǹkan lò.

Kóòdù ni ìṣòro àkọ́kọ́. Bí o bá ti sanwó, wọ́n á fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù, ìwọ á tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí, á ṣí fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, mo sanwó lọ́sàn-án, kóòdù kò dé. Ilẹ̀ ṣú, iná pupa ń ṣẹ́jú lára àpótí, bátìrì sì kún dẹ́múdẹ́mú. Aṣọ ìyá ìyàwó wà lórí ẹ̀rọ, apá kan ni mo ti rán. Mo rìn dé orí òkè tí nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń wọlé, mo na fóònù sókè títí ọwọ́ fi ń ro mí. Aago mẹ́sàn-án kọjá kí ó tó wọlé.

Mo lè fara da ìyẹn. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti oṣù Keje 2025, nígbà tí àpótí kọ̀ tí kò tàn mọ́. Ẹ́jẹ́ǹtì gbé e lọ sí Lọ́kọ́ja fún àtúnṣe, ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi padà sídìí jẹnẹrétọ̀. Owó oṣù pé, ẹ́jẹ́ǹtì náà bi mí léèrè rẹ̀. Mo ní, “Ọmọ mi, iná wo ni kí n sanwó fún?” Ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló ń ka ọjọ́, kì í ṣe èmi.” Ọmọlúàbí ni, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n owó epo àti owó sólà ni mo san nínú oṣù kan náà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló sọ fún mi pé ọ̀nà mìíràn wà. Ilé-iṣẹ́ iná Midwest Energy ní Kansas ti ń ṣe é láti 2007: wọ́n á fi owó tún ilé ṣe kí iná tó ń jẹ lè dín kù, ẹni tó ń gbébẹ̀ á máa san án padà díẹ̀díẹ̀ nínú bíìlì iná. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pay As You Save (máa san bí o ṣe ń rí owó fi pamọ́), owó tí wọ́n ń gbà kì í ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n rò pé wàá fi pamọ́. Tèmi yege ìyẹn. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, bí ohun tí wọ́n ṣe bá bàjẹ́ tí wọn ò tíì tún un ṣe, owó dúró. Mítà ni gbèsè náà sì so mọ́: bí ayálégbé bá kó lọ, ẹni tó wọlé tó ń gbádùn rẹ̀ ló ń san èyí tó kù. Ayálégbé ni èmi náà. Bí onílé bá ní kí n jáde lọ́la, èmi ni n ó tú páànẹ́lì kúrò lórí òrùlé rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé irú rẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa. Lábẹ́ òfin mítà tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ṣe, ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ ra mítà, nínú yúnìtì tó ń rà ni ilé-iṣẹ́ iná ti ń dá owó náà padà fún un. Ọ̀nà tí owó ń gbà padà bọ̀ sọ́dọ̀ oníbàárà, owó sólà náà lè gba ibẹ̀ lọ, ó kéré tán fún àwa tí a ní mítà alásansílẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́ta àbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Oṣù mẹ́jọ ló kù kó di tèmi. Aládùúgbò mi tó ń ta oúnjẹ fẹ́ gba tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ti ní kó má tíì fọwọ́ sí ìwé títí wọn ó fi kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ọjọ́ tí àpótí bá wà lọ́dọ̀ wọn, wọn ò ní kà á mọ́ ọn lọ́rùn.