Íńṣọ́ránsì kámẹ́rà l'Abẹ́òkúta: èwo ni kí ẹ fi owó yín rà?

Ẹni tó bá ń ya òde l'Abẹ́òkúta mọ̀ pé kámẹ́rà kì í jókòó sílé. Lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo, ó lè lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìbarà láàárọ̀, kó wà ní gbọ̀ngàn kan ní Kútọ̀ lọ́sàn-án, kí ọ̀kadà sì gbé e gba Ṣápọ́n padà lálẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta íńṣọ́ránsì, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ibi tí kámẹ́rà yín máa ń wà.

Èmi ò bi ara mi. Burglary, ìyẹn íńṣọ́ránsì ti olè tó fọ́lé, ni mo rà, nítorí olè ni mò ń bẹ̀rù. Nígbà tó yá, wọ́n gbé báàgì mi lábẹ́ tábìlì níbi òde kan, lẹ́ǹsì méjì àti fláàṣì kan ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé-iṣẹ́ íńṣọ́ránsì náà, wọ́n ṣí ìwé tí èmi fúnra mi fọwọ́ sí: àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù mi nìkan ló wà níbẹ̀, olè sì gbọ́dọ̀ já ilẹ̀kùn tàbí kó fọ́ fèrèsé, kí ojú ibi tó gbà wọlé hàn. Mi ò rí kọ́bọ̀ gbà. Ó dùn mí gan-an, ìdí rèé tí mo fi ń kọ èyí.

Burglary àti All Risks

Burglary dára fún ohun tí kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù: iná stúdíò, kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Owó rẹ̀ sábà máa ń fúyẹ́ ju ti All Risks lọ. Àmọ́ kì í san owó iná tó bá jó ṣọ́ọ̀bù. Fire and Special Perils ni ti iná, ẹ sì lè ra méjèèjì pọ̀.

All Risks ló ń bá ẹrù rìn. Bí kámẹ́rà bá já bọ́ lórí àpáta níbi tí ẹ ti ń ya ìyàwó ní Olúmọ, tàbí tí wọ́n jí i lóde, òun ni ẹ lè fi béèrè owó. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn yín, kì í ṣe gbogbo ewu ló ń gbà. Ohun tó gbó fúnra rẹ̀, wáyà tó jó nínú ẹ̀rọ láìsí ohun tó kọlù ú, olú tó hù sínú lẹ́ǹsì, wọn kì í sábà san án. Ẹrù tí ẹ fi sílẹ̀ nínú mọ́tò tí kò sẹ́ni níbẹ̀ tún jẹ́ ibi tí ìjà máa ń wà: ẹ ní kí wọ́n fi ojú ìwé náà hàn yín. Ẹ béèrè bóyá Nàìjíríà nìkan ló mọ, tàbí ó dé Kútọnu.

Fún ẹni tó ń fi kámẹ́rà jẹun lóde, All Risks ni mo fọwọ́ sí. Goods in Transit wà fún ẹni tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ láti Èkó. Bí ẹrù bá ti gúnlẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Wáráńtì ní tirẹ̀, àléébù ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ló ń bò, kò mọ olè, kò mọ ìṣubú, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kò sì ní in rárá.

Bó bá jẹ́ kámẹ́rà kan àti lẹ́ǹsì kékeré kan lẹ ní, tí owó òde méjì tàbí mẹ́ta lè rà á padà, ẹ máa dá àjọ. Àmọ́ òfò kì í dúró kí àjọ kún, ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti tó mílíọ̀nù kò gbọdọ̀ gbára lé e.

Iye tí ẹ kọ sílẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ká ní ẹrù yín tó mílíọ̀nù 3 náírà lọ́jà, ẹ wá kọ mílíọ̀nù 1.5 kí owó tí ẹ ó san lè kéré. Lẹ́ǹsì já bọ́, àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ 600,000. Bí òfin tí wọ́n ń pè ní average bá wà nínú ìwé náà, 300,000 ni wọn yóò kà fún yín, torí ìdajì ẹrù lẹ dáàbò bò. Wọ́n á tún yọ excess, ìyẹn apá òfò tí oníǹkan gbọ́dọ̀ dá gbé. Látìgbà tí ìjọba sì ti tú náírà sílẹ̀ lọ́jà dọ́là ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, kámẹ́rà ti gbówó lérí gidigidi. Ẹ yí iye náà padà lọ́dọọdún.

Ẹ lọ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ íńṣọ́ránsì náà nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí NAICOM, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó íńṣọ́ránsì, fún láṣẹ. Láti oṣù Kìíní ọdún 2013 ni NAICOM ti fi ọwọ́ líle mú òfin pé ẹni tí kò bá tíì sanwó kò ní ààbò, nítorí náà ìlérí aṣojú lórí fóònù kò tó. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ìdánimọ̀ ara kámẹ́rà àti ti lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá kíá bí wọ́n bá jí i.

Ohun tí íńṣọ́ránsì ò lè bá yín gbé

Ọ̀rinrin ìgbà òjò ń pa lẹ́ǹsì láìpariwo. Olú á ta bí òwú aláǹtakùn sínú gíláàsì, àwòrán á máa ṣe bàìbàì. Kọ́bọ́ọ̀dù oníná tí ń fa ọ̀rinrin dára, ẹ yí i kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ wà ní ìdá 40 sí 50 nínú 100, àmọ́ iná mànàmáná ló ń lò. Ike onídèérí tó lẹ̀ típẹ́típẹ́, tí silica gel (kóró tó ń fa omi) àti aago kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin wà nínú rẹ̀, kò bèèrè iná, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Òun ni mò ń lò. Bí silica gel aláwọ̀ búlúù bá ti di pínǹkì, ó ti mu omi yó; ẹ gbé e sínú ààrò oníná tí kò gbóná jù títí yóò fi padà di búlúù. Ẹ má fi ìrẹsì dípò rẹ̀, eruku rẹ̀ á wọ inú lẹ́ǹsì.