Stencil tó ṣeé fọ̀: ṣọ́ọ̀bù tí mo rí ní Lágere

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ n'Ífẹ̀, ẹ gbọ́ o. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Lágere, àwọn tó ń gé sítíkà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ mọ́tò àti gíláàsì ni wọ́n, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n lè ṣe nǹkan tí mò ń wá àfìgbà tí mo wọlé lọ bá wọn. Stencil, ìyẹn bátánì tí wọ́n gé ihò sí kí ẹ̀kọ lè gba ibẹ̀ kọjá sórí aṣọ, èyí tí wọ́n gé fún mi ti ṣe aṣọ bí ogún báyìí, gbogbo ìgbà tí mo bá lò ó náà ni mo ń fọ̀ ọ́, kò ya, kò ká.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí níbòmíì. Ẹnì kan ni mo gbé iṣẹ́ fún tẹ́lẹ̀, ó gé sítíkà fún mi ó ní stencil ni. Ó gé e dáadáa lóòótọ́. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, mo fi ẹ̀kọ láfún sí i, kí n tó dé igun kejì omi ẹ̀kọ ti wọ abẹ́ gọ́ọ̀mù ẹ̀, ó ti ń ṣí, nígbà tí mo sì ká a kúrò, ńṣe ló wé mọ́ra ẹ̀ bí ewé ẹ̀kọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Owó lọ, láfún lọ, yáàdì kan bàjẹ́, ó dùn mí gan-an. Àwọn tó ń ṣe àdìrẹ l'Abẹ́òkúta láyé ijọ́sí, páànù ni wọ́n ń gé, wọ́n sì lè fi lu aṣọ títí. Ohun tó máa pẹ́ bí páànù yẹn tí ò sì ní gé mi lọ́wọ́ ni mò ń wá.

Ìbéèrè tí bọ̀dá tó wà nídìí ẹ̀rọ kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Mummy, ṣé ẹ̀ẹ̀kan lẹ fẹ́ lò ó ni àbí ẹ óò máa fọ̀ ọ́?" Ibẹ̀ lọkàn mi ti balẹ̀. Mo ní màá máa fọ̀ ọ́ ni. Ó ní kí n gbàgbé sítíkà nígbà yẹn, ó bá mú mylar jáde, ó dà bíi náílọ́ọ̀nù tó le, ó funfun rúsúrúsú, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ á tún nà padà. 7.5 mil ló ní ó nípọn tó, ìyẹn ò tó ìdá kan nínú márùn-ún mílímítà. Silhouette Cameo 4 lẹ̀rọ ẹ̀. Ó tẹ́ mylar sórí mátì tó ń lẹ̀, ó tún fi tépù de etí ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó má baà yọ̀, bíléèdì wá gba ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó já. Ẹ̀ẹ̀kan ò lè gé e já. Tí ẹ bá rí ẹni tó sáré gé e lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa fi abẹ rẹ́ ìyókù fúnra yín nílé ni.

Ibi tó ti ṣe mí lóore jù nìyí. Aṣọ Ọlọ́jọ́ ni mo fẹ́ ṣe, mo fẹ́ kí "ỌLỌ́JỌ́" hàn gbàgàdà lórí ẹ̀, kí n sì ya Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìṣó ara ẹ̀. Ó gé e sórí pépà lásán kí n lè rí i. Àwọn àmì ohùn àti àmì abẹ́ ò ní wàhálà, ihò tiwọn ni, àmọ́ àárín ọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já bọ́ pọ́ńkán sílẹ̀, ó wá ku ihò gbẹ̀ngbẹ̀ mẹ́ta bí ojú tó lajú sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àfárá la ò fi sí i, ìyẹn ibi tóóró tí wọn ò ní gé, tó máa so àárín mọ́ ìyókù. Ó fa àfárá méjì sórí ọ kọ̀ọ̀kan, òkè àti ìsàlẹ̀, kí àárín lè dúró. Mo ní kó jẹ́ kó tín-ín-rín kó lè rẹwà, ó kọ̀, ó ní tí mo bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹ̀kọ kúrò ó máa já, mílímítà mẹ́ta ló fi sí i. Òun ló gba ọ̀rọ̀ yẹn sọ. Ti ìṣó Ọ̀rànmíyàn náà, ihò wọn kéré jù nínú àwòrán mi, bíléèdì ń ya á dípò kó gé e, ó bá mú gbogbo ẹ̀ tóbi sí i díẹ̀, mo kà wọ́n lójú ẹ̀, kò dín ọ̀kan.

Ohun tí ò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé ó pẹ́. Wọ́n ní kí n padà wá ní aago méjì, aago márùn-ún kọjá kí n tó gbà á, iná ló fà á, wọ́n ń dúró de inverter, ṣùgbọ́n kí wọ́n pè mí lórí fóònù kò lè le. Mátì wọn náà ò ju ínṣì 12 lọ, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bátánì tó tóbi, wọ́n á pín in sí méjì, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n gé àmì kékeré sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kẹ́ ẹ lè so ó pọ̀ lórí aṣọ láìwọ́. Mi ò sọ fún wọn nígbà àkọ́kọ́, mo wá ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì fúnra mi.

₦4,000 ni wọ́n gbà lórí mylar kan, yíyà àwòrán wà nínú ẹ̀. Fún nǹkan tí mo fi ṣe aṣọ ogún, kò wọ́n mi rárá.

Tẹ́ ẹ bá gbà á, omi tútù ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ kí ẹ̀kọ tó gbẹ, omi gbígbóná lè jẹ́ kó wọ́, kẹ́ ẹ sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja sáàárín páálí méjì, ẹ má ká a. Àwòrán yín, ẹ fi báírò dúdú kọ ọ́ kó ki dáadáa. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Èmi ń padà lọ lọ́jọ́bọ̀, odídẹrẹ́ ni mo fẹ́ gé báyìí, mo ti ya ìrù ẹ̀ sọ́tọ̀ kó lè gba aró pupa.