Tẹ́sítà, máltímítà, kíláǹpù àbí sikánà: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ rà fún wàhálà iná ẹ́ńjìnnì ńlá?

Tí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ńlá bá ń kú lójijì lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ó kọ̀ kò sítáàtì, tàbí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń tàn ó ń pa fúnra ẹ̀, sikánà lọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń sáré lọ rà. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ni sikánà ń bá sọ̀rọ̀, tí iná ò bá wá dé ọ̀dọ̀ brain box ńkọ́, ta ló máa dá a lóhùn? Ẹ máa ti náwó tán, ojú sikánà á kàn máa wò yín ni. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi ṣe ìwọ̀n nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rajà ni pé: ṣé irinṣẹ́ yìí máa sọ òótọ́ fún mi nígbà tí ẹrù bá wà lórí wáyà, àbí ìgbà tí nǹkan kan ò ṣiṣẹ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n kà?

Tẹ́sítà onígílóòbù àti máltímítà

Àwọn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò, torí ibẹ̀ niṣẹ́ pọ̀ sí. Máltímítà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fa iná rárá, resistance inú ẹ̀ (bó ṣe ń dí iná lọ́nà tó) sábà máa ń tó mílíọ̀nù 10 ohm. Ó dáa o, àmọ́ ìyẹn náà ló ń jẹ́ kó tan èèyàn: tí wáyà bá ti já nínú tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo tó so ó pọ̀, mítà á ṣì ka fóltì pípé fún yín, ẹ ó sì rò pé wáyà yẹn dáa. Ẹ gbé tẹ́sítà onígílóòbù síbẹ̀, gílóòbù á tàn bàìbàì tàbí kó má tàn rárá, torí òun ń fa iná gidi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ju tẹ́sítà nù torí ó ti ra mítà.

Tẹ́sítà náà ní ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé ṣá. Ẹ má fi onígílóòbù kan wáyà sensor (àwọn tó ń wọn nǹkan fún brain box) tàbí wáyà tó ń jáde látinú brain box, iná tí gílóòbù ń fà lè ju ohun tí ibẹ̀ lè gbé lọ, brain box sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Máltímítà ni kẹ́ ẹ lò níbẹ̀: ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí on, wáyà tó ń bọ́ ọ̀pọ̀ sensor gbọ́dọ̀ fún yín ní bíi fóltì 5. Wáyà injector, èyí tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì, ní tiẹ̀, ẹ má kàn án rárá tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, brain box máa ń gbé fóltì tó ga gan-an síbẹ̀, ó lè ṣe èèyàn léṣe. Tẹ́ ẹ bá ń ra tẹ́sítà, ẹ wò ó bóyá ó lè gba fóltì 24, torí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ńlá ló ń lo bátìrì 12 méjì tí wọ́n so tẹ̀ lé ara wọn, gílóòbù fóltì 12 á jó lójú ẹsẹ̀. Onílẹ́èdì ò fa iná tó, nítorí náà kò lè rọ́pò onígílóòbù nínú iṣẹ́ wáyà tó fẹ́ já tí mo sọ yẹn.

Ní ti máltímítà, nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ sanwó lé lórí ni Min/Max. Fóltì tó já wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré tó sì padà sókè, ojú èèyàn ò lè bá a, àmọ́ mítà tó ní Min/Max á fi pamọ́ fún yín, irú já-wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì máa ń pa ẹ́ńjìnnì lójijì. Kí fíùsì wà níbi ihò áńpù náà, fíùsì gidi o.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù tí mítà ń ṣe ni kó wá iná tó ń sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ fi wáyà mítà kan sórí bátìrì gan-an, orí rere (+) ẹ̀ fúnra ẹ̀, kì í ṣe irin tó di wáyà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi ìkejì sórí bọ́ọ̀tì sítátà, kí ẹnì kejì wá sítáàtì ẹ́ńjìnnì. Tí mítà bá ju nǹkan bíi 0.5 fóltì lọ lórí ẹ́ńjìnnì fóltì 12, nǹkan kan wà lójú ọ̀nà tó ń jẹ iná yẹn, bóyá wáyà ti dípẹtà nínú, bóyá nọ́ọ̀tì lúùsì. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ náà fún earth, láti orí odì (-) bátìrì sí ara ẹ́ńjìnnì, kó má ju 0.2 lọ níbẹ̀, èèyàn sì máa ń gbàgbé earth yìí, wọ́n á pààrọ̀ alternator tó ń cháàjì bátìrì, wọ́n á pààrọ̀ sítátà, earth ni ọ̀rọ̀ wà.

Bátìrì tó kún tó ti sinmi máa ń ka nǹkan bíi 12.6, tàbí 25.2 fún 24. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ retí nǹkan bíi 13.8 sí 14.5, tàbí 27.6 sí 28.8.

Kíláǹpù mítà

Mítà tí wọ́n ń fi ẹnu ẹ̀ há wáyà láti mọ áńpù tó ń gba inú ẹ̀ kọjá lèyí. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ó ń ka DC, irú iná tó wà nínú bátìrì. Àwọn tó pọ̀ lọ́jà, AC (irú iná tó wà nínú ilé) nìkan ni wọ́n ń kà, wọn ò wúlò fún iná bátìrì rárá. Máltímítà ò lè wọn iná tí sítátà ń fà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpù ni sítátà dísẹ́ẹ̀lì ńlá ń gbé, fíùsì mítà á jó. Ibẹ̀ ni kíláǹpù ti wúlò, àti níbi tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ nǹkan tó ń fa bátìrì sílẹ̀ lóru. Àmọ́ kíláǹpù ńlá tó ń ka 1000 áńpù kì í rí áńpù kéékèèké tí ń jo bátìrì díẹ̀díẹ̀, ti ìyẹn nílò èyí tó kéré. Tó bá jẹ́ pé ẹyọ kan lẹ fẹ́ rà, ìṣòro tó ń bá yín fínra ni kẹ́ ẹ fi yàn.

Irinṣẹ́ tó ń yẹ bátìrì wò

Irú méjì ló wà. Kékeré tó ń lo conductance (ó ń wọn bí iná ṣe ń rìn gba inú bátìrì kọjá) máa ń yá, kò gbóná, ó sì rọrùn láti gbé. Èyí tó ń gbé ẹrù gidi lé bátìrì wúwo, ó ń gbóná, àmọ́ mo gbà á gbọ́ jù: ẹ gbé ìdajì CCA (áńpù tí bátìrì lè fi sítáàtì ẹ́ńjìnnì nínú òtútù) tí wọ́n kọ sára bátìrì lé e fún ìṣẹ́jú àáyá 15, bátìrì fóltì 12 tó dáa tó sì kún ò gbọ́dọ̀ já sísàlẹ̀ 9.6. Èyíówù kẹ́ ẹ rà, ẹ tú àwọn bátìrì kúrò lára ara wọn kẹ́ ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, torí bátìrì kan tó ti kú máa ń fara pamọ́ sábẹ́ èyí tó dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó tapaná létí bátìrì, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ lè bú gbàmù.

Sikánà

Ó dé kàn án. Sikánà ọkọ̀ kékeré kì í sábà bá ẹ́ńjìnnì ńlá sọ̀rọ̀, èyí tó gbọ́ J1939, èdè tí brain box ẹ́ńjìnnì ńlá ń sọ, ni kẹ́ ẹ béèrè. Tó bá jẹ́ ihò ẹlẹ́nu 9 ni, ẹ ra wáyà aláwọ̀ ewé, torí òun wọ ihò ewé àti ihò dúdú, dúdú ò wọ ewé. SPN nínú kódù ń sọ ibi tí ìṣòro wà, FMI ń sọ irú ìṣòro tó jẹ́. Kódù tó sọ̀rọ̀ iná bátìrì ni SPN 168, FMI 4 túmọ̀ sí pé fóltì kéré jù, FMI 3 pé ó ga jù. Tí sikánà bá kọ̀ láti sọpọ̀, ẹ fi máltímítà wọn àárín CAN High àti CAN Low, wáyà méjì tí brain box fi ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lú bátìrì tí ẹ ti tú: nǹkan bíi 60 ohm ló yẹ kó jẹ́. Tó bá jẹ́ 120, ọ̀kan nínú resistor méjì tó wà ní ìpẹ̀kun wáyà yẹn ti jábọ́ tàbí wáyà ti já níbì kan.

Ohun tí mo fi ń sọ pé sikánà ṣì lérè lẹ́yìn máltímítà ni pé ó ń sọ fóltì tí brain box fúnra ẹ̀ ń rí. Ẹ ka bátìrì pẹ̀lú mítà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ wá wo ti sikánà. Bí bátìrì bá ní 27.8 tí brain box ń rí 24.5, ẹ má fọwọ́ kan alternator o, àárín ibi méjèèjì yẹn ni kẹ́ ẹ wá a sí: fíùsì, rílé, ihò pọ́lọ́ọ̀gì, earth brain box.